Ẹsẹ̀ Ilé ní Ìgboro Òkè-Àlàárì

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín sókè díẹ̀."

Sìkírátù gbé e sókè débi tí agbára rẹ̀ mọ. Orúnkún rẹ̀ dún kẹ́kẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó mú ṣaworo kan jáde nínú àpótí. Kì í ṣe ṣaworo idẹ tí àwọn ìyá wa ń so mọ́ ẹsẹ̀ jó láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni, ìró rẹ̀ á ti dé. Ti Ilé-Ìpamọ́ tó ń gba ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ìlú gbogbo sínú àkọsílẹ̀ kì í dún rárá. Ike dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, iná kékeré kan sì wà lára rẹ̀. Bó ṣe dì í mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ìyá náà ni iná ọ̀hún tàn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé.

"Ó ti dá yín mọ̀," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Dúródọlá lorúkọ rẹ̀, àmì Ilé-Ìpamọ́ sì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Kí ni kò ní dá mi mọ̀ sí? Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ ti ń so mí bí ẹran iléyá."

Dúródọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Ó jọ ẹni tí kò rí oorun sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ìlú kẹsàn-án tí òun ń dé láàárín oṣù náà rèé, pé lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ni òun ti ń bọ̀. Sìkírátù kò bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn amọ̀kòkò. Ó ti dàgbà ju ẹni tí í béèrè ohun tó mọ̀ lọ.

Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù, ilẹ̀ sì ti ń gbóná. Gíláàsì dúdú tó ń mu oòrùn ni wọ́n fi tẹ́ ìgboro Òkè-Àlàárì láti ẹnu odi títí dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ooru rẹ̀ sì ti ń gba abẹ́ ìró wọlé. Ijó Òfì tí àwọn ahunṣọ ń jó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ parí kí fèrè oòrùn tó dún ní aago mẹ́wàá. Ẹni tí fèrè bá bá níta, omi ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò gé kúrò nínú ìpín ilé rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ogójì ahunṣọ tó máa jó ṣe ti tò sí ìlà ní kùtùkùtù, tí oníkálùkù di asà rẹ̀ mú, igi tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra lórí òfì. Lókè orí wọn, Ojú mẹ́rin, ẹ̀rọ tí Ilé-Ìpamọ́ fi ń ṣọ́ni, dúró sínú afẹ́fẹ́. Wọn kò tóbi ju ìdérí igbá lọ, wọn kò sì ní ìyẹ́. Ọmọdé ìlú náà mọ òfin wọn kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀: ohun tí Ojú bá ti rí rí, ti Ilé-Ìpamọ́ ni, iná ṣaworo á sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ohun tí kò bá rí rí, iná á funfun. Láti ọdún mọ́kànlá wá, iná funfun kò tàn rí ní Òkè-Àlàárì.

Dúródọlá kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ojú má baà gbọ́.

"Màmá, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ títí ijó á fi parí. Ṣùgbọ́n n kò lè máa wò yín kí ẹ máa jó lórí orúnkún yìí, kí n sì dákẹ́. Ọkọ̀ ńlá mẹ́fà wà lẹ́yìn odi. Òfì ni wọ́n wá kó."

"Òfì ta ni?"

"Gbogbo òfì ìlú yìí. Lónìí náà ni."

Ẹlòmíràn ì bá kígbe. Sìkírátù kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó di tiwọn yẹn. Ìròyìn burúkú ti wọ ilé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í dìde fún un mọ́.

"Kí la ṣe?"

Dúródọlá ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó yọ ìrépé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó kó wọn lé e nítan. "Ẹ mọ òfin ọ̀hún. Ìlú tó bá ní ohun kan lọ́wọ́ tí Ilé kò ní, a kì í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, aṣọ tí ẹ̀rọ wa ń hun máa ń dẹ̀ tí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tiyín kì í dẹ̀. A tú aṣọ yín sí wẹ́wẹ́, a ka fọ́nrán rẹ̀, a kò rí ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló ń gbà yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, màmá, ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ, ọ̀kan jẹ́ tiyín."

Sìkírátù fi àtàǹpàkò ra èkíní, ó ra èkejì. Méjèèjì ló rọ̀ jọ̀bọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ wọn ń ká. Bí kì í bá ṣe ti ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín ọ̀kan kọjá, kò ní mọ èwo ni èwo. Ó mọ ẹni tó ń fa ilà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fà á.

"Ọmọ mi ló hun èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní kò sí ahunṣọ tó dára tó o nínú ìlú."

Ìyá náà nìkan ló mọ ohun tó mú aṣọ náà dẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ìlú tó lè bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kó lè yé wa. Ní Òkè-Àlàárì, oríṣi ẹsẹ̀ méjì ló wà. Ẹsẹ̀ ìta ni wọ́n fi ń jó ní ìgboro, òun náà sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, lu asà, kó o tó yí ẹsẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá fi hun á dẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé yàtọ̀ díẹ̀ báyìí: ju ọ̀kọ̀, yí ẹsẹ̀ ná, kó o tó lu asà, kí òwú ti há sáàárín kó tó gba lílù. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ṣe fìríídọ̀mù ni ọ̀gá rẹ̀ ń fún un ní ẹsẹ̀ ilé, kì í ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn baba ńlá wọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí àlejò tó wá wòran ijó má baà fi ojú jí iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n àgbọ́njù sì ni.

Nítorí pé nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí Kúdírátù, ọmọ Sìkírátù, ṣe fìríídọ̀mù, ìjọba lẹ èdìdì mọ́ gbogbo òfì, wọn kò sì ṣí i fún ọdún mẹ́wàá. Nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, àwọn ọ̀gá kú. Àwọn tí kò kú kó lọ sí ìlú olómi. Ọjọ́ tí wọ́n já èdìdì, lọ́dún tí Ilé-Ìpamọ́ kọ́kọ́ dé, Kúdí ti di obìnrin ọgbọ̀n ọdún tó ti sin ọkọ, ó lọ jókòó sídìí òfì ìyá rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Sìkírátù gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìta ni. Ó ní òun á pè é lọ́la. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe fìríídọ̀mù fún opó? Ojú ń tì í, ó sì tún rẹ̀ ẹ́. Ó ní tí ọdún bá yí. Lẹ́yìn náà ni ìka òun fúnra rẹ̀ kọṣẹ́, tó fi jẹ́ pé aṣọ tó ti hun sínú àpótí tẹ́lẹ̀ ni ìlú ń fà yọ fún àwọn adájọ́ Ilé-Ìpamọ́ lọ́dọọdún. Èṣí ni àpótí ṣófo.

Ẹ gbọ́, bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Wọ́n ju òkò sí àlejò láti ayébáyé, orí ọmọ wọn ló lọ balẹ̀ sí.

"Bí Ojú bá rí ohun tí kò rí rí lónìí ńkọ́?" ni Sìkírátù béèrè.

Dúródọlá gbójú sókè. "Òfin fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ọdún méje. Ohun tó fi hàn di ti Ilé, ṣùgbọ́n ìlú lè máa lò ó, òfì á sì dúró síbi tó wà."

"Lẹ́yìn ọdún méje?"

"A ó padà wá, màmá." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Bí nǹkan bá wà, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò bi yín."

Sìkírátù rìn lọ síwájú ìlà níbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Kúdí ń di gèlè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ gèlè í wé, aṣọ híhun nìkan ló mọ̀.

"Màámi, ẹ ò gbọdọ̀ jó o tán o. Tí ẹ bá ti dé ibi ẹ̀rọ omi, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n gba iwájú. Kí ni ọmọ yẹn ń bá yín sọ?"

"Ó ń kí mi ni."

"Ìkíni ló gùn tó yẹn? Ó fẹ́ fẹ́ yín ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Sìkírátù kò rí ẹ̀rín rín. Ó ní, "Kúdí, aṣọ tí o hun fún wọn lọ́dún yìí, ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ọmọ náà tú gèlè ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀, màámi. Òwú ike tí wọ́n ń pín fún wa ni mò ń dá lẹ́bi fáyé gbọ́, pé kò ní okun nínú. Ṣùgbọ́n òwú kan náà lẹ̀yin náà fi hun, tiyín ò dẹ̀. Mo ti lu asà títí apá mi fi wú. Mo máa ń jí lóròòwúrọ̀, mo máa sọ pé tòní á dáa. Mo ti gbà báyìí pé ọwọ́ mi ni kò dáa tó tiyín. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ní í jogún ọwọ́ ìyá rẹ̀."

Sìkírátù la ẹnu. Ọ̀kan nínú Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí wọn, nítorí ohun tó ń rí ìgboro ń gbọ́ ìgboro. Ó pa ẹnu dé. Tó bá jẹ́ pé òun á tú u síta, ẹsẹ̀ ni kó fi tú u, níbi tí òfin á ti kà á sí ijó.

Ó ku kó pinnu bóyá òun á tú u. Ìyá tó bí i ti mú un búra. Ó ní, "Sìkírá, ohun tí à ń jó níta, ti ojú àlejò ni. Ọjọ́ tí o bá fi ẹsẹ̀ ilé jó nígboro, ìwọ lo ta wá." Ó gbà. Àádọ́ta ọdún ló fi gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ rí kó sinmi. Bí ó bá gbé e dé ibojì, Ilé-Ìpamọ́ kò ní rí i láéláé, ṣùgbọ́n lónìí náà ni wọn á kó òfì lọ, Kúdí á sì jókòó sílé pẹ̀lú ọwọ́ tó rò pé kò dáa. Bí ó bá fi hàn, ẹ̀rọ á máa hun ohun tí àwọn baba rẹ̀ pa mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Òfì o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ hun ún!" ni ìlú dáhùn, asà ogójì sì lu ara wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ijó bẹ̀rẹ̀. Àṣà wọn ni pé àgbà ló ń ṣáájú, ohun tí ẹsẹ̀ àgbà bá sì ṣe ni gbogbo ìlà ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá tirẹ̀ ṣe. Sìkírátù na ọwọ́ sọ́tùn-ún bí ẹni ju ọ̀kọ̀, ó fa apá méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni lu asà, lẹ́yìn náà ló yí ẹsẹ̀. Ogójì ọwọ́ nà, ogójì asà lù, ogójì ẹsẹ̀ yí. Iná ọrùn ẹsẹ̀ wọn tàn bí ewé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ láti abẹ́ òrùlé àti ojú fèrèsé. Ó lẹ́wà. Ohun tó ń dun Sìkírátù jù nìyẹn, pé ó lẹ́wà gan-an.

Wọ́n jó kọjá ilé ìwé. Wọ́n jó kọjá igi àgbọn tí wọ́n fi irin ṣe nítorí pé ti gidi ti gbẹ. Orúnkún rẹ̀ ti ń jó bí iná, òógùn sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Kì í ṣe ijó nìkan ló rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa tan Ojú, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ òfì ọmọ rẹ̀ lóròòwúrọ̀, kí ó máa mọ ibi tí ó ti kù, kí ó sì máa yíjú sí ògiri. Ta gan-an ni àlejò? Àwọn ìdérí igbá mẹ́rin tó wà lókè yìí kò ní ojú tí a lè tì, kò ní ikùn tí ebi lè pa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó tàn jẹ wà, tí wọ́n ń fi tọkàntọkàn jó irọ́ tó fún wọn.

Ẹ̀rọ omi ìlú ló yọ sí ọ̀ọ́kán yẹn. Ó gbọ́ ohùn Kúdí lẹ́yìn: "Màámi, ẹ yà síbí, mo ti dé."

Sìkírátù kò yà. Ó na ọwọ́ sọ́tùn-ún. Ó yí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó fa apá mọ́ àyà.

Asà ogójì lu ara wọn rúdurùdu, kò sí ìkan tó bá èkejì dọ́gba. Ẹnì kan ṣubú lu ẹnì kan. Láti ojú fèrèsé, wọ́n kígbe pé àgbà ti mú ìyá Kúdí, pé ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n iná ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin tó gbọ́ òórùn oyin. Ó tún ṣe é. Ọwọ́, ẹsẹ̀, àyà. Ó fi eyín di ètè mú, ó tún ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àṣìṣe ni.

Ìgbà kẹrin ló gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó bá tirẹ̀ dọ́gba lẹ́yìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn. Ẹsẹ̀ kejì bọ́ sí i, ẹsẹ̀ kẹwàá, títí gbogbo ìlà fi wọ̀ ọ́, tí asà ogójì tún wá ń dún bí ẹyọ kan. Iná funfun gba ìgboro kan títí dé mọ́ṣáláṣí. Ohùn kan jáde láti inú Ojú, kò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin. Ó ní Ilé-Ìpamọ́ ti gba ohun tuntun lọ́wọ́ Òkè-Àlàárì, ó sì kí ìlú kú oríire.

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé Dúródọlá sókè, bí ẹni pé òun ló jó. Kí fèrè oòrùn tó dún, ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣẹ́rí padà láìsí awakọ̀ kankan nínú wọn tó máa bínú. Gbogbo ìlú ń yọ̀, àfi ìyá àti ọmọ.

Sìkírátù ti nà gbalaja sórí ẹní nínú yàrá nígbà tí Kúdí wọlé. Kò kí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé yín lónìí. Bó ṣe bọ́ lẹ́sẹ̀ yín, kì í ṣe ohun àná." Ó gbójú sókè wò ó. "Ẹ̀ ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ ń gbọ́ mi. Apá mi wú, ẹ bá mi fi omi gbígbóná jó o. Mo sunkún sí yín létí pé n kò lọ́wọ́, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ọdún mọ́kànlá, màámi! Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ìyá náà lè sọ ti ìbúra, ó lè sọ ti èdìdì. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ òtítọ́, kò sì ní dáhùn ìbéèrè.

"Ọ̀la ni," ó wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni. Ó rẹ̀ mí ni, Kúdí. Dárí jì mí."

Kúdí kò sọ pé òun dárí jì í. Ó dìde, ó jáde. Sìkírátù yíjú sí ògiri, ó di ojú. Òkò àádọ́ta ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé bí èyí bá ti parí, òun á sùn, bí ilẹ̀ bá wù ú kó má mọ́ mọ́. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ló gbọ́ ìró abẹ láti ẹ̀yìnkùlé. Kúdí ń gé aṣọ tó ti hun dé ìdajì kúrò lórí òfì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ń rọra wọlé ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé gba abẹ́ òrùlé, pẹ̀lú asà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ má tíì sùn, màámi," ni Kúdí pè láti ibẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Kò fi pa mọ́. "Ẹ wá jókòó tì mí. Ọdún méje ò pọ̀, àwa táa fẹ́ kọ́ ọ sì pọ̀."

Sìkírátù fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀mejì kó tó dìde tán, ó di ògiri mú títí ó fi dé ìdí òfì, wọ́n sì yà fún un. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún ọmọ rẹ̀.

"Ju ọ̀kọ̀," ó wí. "Yí ẹsẹ̀. Má tíì lù ú. Ó yá, lù ú."

Kúdí lù ú. Ó ń sunkún, ó ń hun ún lọ, kò sì dáwọ́ dúró nu ojú.